Kọ̀ǹpútà Yàrá Ìyantíì Bi Mí ní Ìbéèrè

Pei-rong ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó o, kó má bá ọ lórí ìdúró, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ gùn, mi ò sì fẹ́ kí o máa kà á lọ lójú ọ̀nà kí o wá fẹsẹ̀ kọ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun? Ṣé àwọn ọ̀gá rẹ ní Hsinchu ń jẹ́ kí o mí? Tudigong, Baba Onílẹ̀ wa, kò ní sùn lórí ọ̀rọ̀ rẹ. Alùpùpù kò ní gbá ọ, òtútù kò ní wọ̀ ọ́ lẹ́gungun, ẹni tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu níbi iṣẹ́ yóò gba ìwé ìgbéga lọ sí ibi tó jìnnà sí ọ. Àṣẹ.

Ní tèmi, ara mi le, àfi eyín ìsàlẹ̀ kan lápá ọ̀tún tó ń mì bí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n mo ti mọ bí mo ṣe ń fi apá òsì jẹun. Òjò òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lórí òkè. A ti já tíì ìgbà òtútù tán, ewé rẹ̀ nípọn ó sì ń dán, ó pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀. Tiam-ting tó ń tọ́jú ojúbọ Baba Onílẹ̀ ṣì wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n, etí rẹ̀ òsì ti kú pátápátá, ẹnu rẹ̀ kò kú. Ajá rẹ̀ bímọ mẹ́rin sábẹ́ pẹpẹ, ó ní òun ò lè kó wọn kúrò nítorí Baba Onílẹ̀ kò tíì sọ pé òun ò fẹ́ wọn. Thuy, ìyàwó ilé kejì tí wọ́n fẹ́ wá láti Vietnam, ti lóyún oṣù márùn-ún, ọsàn kíkan ló ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, bí mo bá ń wò ó, eyín mi a túbọ̀ máa mì.

Wàyí o, Rong, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o pè mí lórí fóònù, tí o bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, tí mo ní kò sí nǹkan, irọ́ ni mo pa. Mo tiẹ̀ fi aṣọ ìnuwọ́ bo ojú fóònù kí o má baà rí ojú mi, ìwọ wá rò pé ó bàjẹ́, o ní o fẹ́ ra tuntun. Má rà á. Fóònù kò bàjẹ́, ojú ló ń ti bàbá rẹ.

Ṣé o rántí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí o gbé wá fún ìyá rẹ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, èyí tí o lẹ àwòrán ẹyẹ dúdú oníkùn funfun mọ́ lára, tí o ní Linux ni orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀? O so wáyà mọ́ ọn wọ inú àpótí ìyantíì láti máa wọn ooru, o so agogo mọ́ ọn, o sì kọ́ ìyá rẹ bí yóò ṣe máa kọ ìwé ìlànà sínú rẹ̀, pé kí ooru tó báyìí ní wákàtí báyìí, kí agogo dún nígbà tí a bá ní láti yí ewé padà. Su-kim ìyá rẹ fẹ́ràn ìwé yẹn débi pé ó máa ń fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí iná lọ tún un kọ. Ìwé àkọsílẹ̀ tó ti ń lò láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ọ̀rinrin ti jẹ ẹ́ di ẹ̀kọ, nítorí náà gbogbo ohun tó mọ̀ nípa tíì yíyan, inú kọ̀ǹpútà yẹn ló kó o sí. Kò sí i níbòmíràn láyé.

Lẹ́yìn tí a sìnkú ìyá rẹ tán, o kìlọ̀ fún mi. O ní tí ẹ̀rọ náà bá sọ pé ohun tuntun dé, kí n má tẹ nǹkan kan, kí n dúró dè ọ́. Mo gbọ́. Àmọ́ ìwọ kọ́ ló ń bá a gbé. Ní àràárọ̀ tí mo bá ti jí i dìde, á ní àtúnṣe tuntun wà nílẹ̀ o, ṣé kí òun gbé e wọlé? Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni. Mo máa ń ní rárá. Lọ́jọ́ kejì á tún béèrè, kò bínú, kò gbójú. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko. Rong, tí ẹnì kan bá ń kan ilẹ̀kùn rẹ fún oṣù mẹ́rìnlá láìgbé ohùn sókè, ṣé ìwọ ò ní ṣílẹ̀kùn? Ní òwúrọ̀ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn, mo fọwọ́, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ sí ìgbéyàwó, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ wá ń tú jáde lójú rẹ̀ bí èèrà tí a da omi sí níhò. Mo jókòó mo ń wò ó, inú mi dùn, mo rò pé ayọ̀ ló ń yọ̀ pé mo ti gbà fún òun. Lẹ́ẹ̀kan náà gbogbo rẹ̀ dúró. Mo wọ awò mi, mo ka ohun tó kọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní ìwé ìlànà yìí, láti ìgbà tí a ti gbé e wọlé, ìwọ tàbí ẹlòmíràn ti yí i padà. Ó ní alábòójútó rẹ̀ ti fi ìwé tuntun ránṣẹ́. Ó ní kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Ó wá to àwọn lẹ́tà kan sísàlẹ̀, Y, N, D, àti àlàyé wẹ́wẹ́ tí n kò kà dé òpin, nítorí pé “ìwọ tàbí ẹlòmíràn ti yí i padà” yẹn ti gún mi láyà.

Ẹ̀sùn ni, àbí kí ni? Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n kò yí ìwé oníwèé padà rí. Mo sọ fún kọ̀ǹpútà náà pé èmi kọ́ o. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni ara mi bù máṣọ, nítorí bí kì í bá ṣe èmi, ta ni ẹlòmíràn nínú ilé yìí? Ṣé kí n wá máa ti ọ̀rọ̀ sọ́rùn òkú tí kò lè gbẹnu ara rẹ̀ sọ? Mo dìde dúró, mo ní ilé mi ni wọ́n ti yí i padà, èmi ni baálé, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ bínú kó wá bá mi. Mo wá jókòó, mo ń retí alábòójútó.

Má rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ yóò wá gba èsì ni. Gbogbo àwọn tó máa ń fi ìwé ránṣẹ́ sí wa lórí òkè yìí ló máa ń wá gba èsì, tọwọ́ wọn tòǹtẹ̀ wọn. N kò pa kọ̀ǹpútà náà, torí a kì í pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ tí a kò tíì dá a lóhùn. Mo gbálẹ̀ àgbàlá, mo fọ àwọn ife kéékèèké tí ìyá rẹ fi ń ṣe àlejò, mo gbé àga onítìmùtìmù síta. Ní Ìṣẹ́gun, ọkọ̀ funfun kan gòkè wá. Mo mú awakọ̀ rẹ̀ jókòó, mo da tíì fún un lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń ṣàlàyé pé aya mi kò ní ọkàn burúkú, ó kàn fẹ́ràn kí nǹkan rí bó ṣe fẹ́ ni. Ọkùnrin náà mu tíì rẹ̀ tán, ó ní òun káàánú mi gan-an, ṣùgbọ́n bàtà tí ilé kejì rà lòun gbé wá.

Títí dé ibi yìí, o lè máa wò ó bí eré. Ìdí tí kò fi jẹ́ eré ni pé láti ìgbà tí ìbéèrè yẹn ti dúró sójú kọ̀ǹpútà, agogo kò dún mọ́. Mo tan àpótí, ó gbóná, agogo dákẹ́. Tíì tó wà nílẹ̀ nígbà náà sì ni àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ yan láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ, nítorí ìgbà òtútù tó kọjá, n kò ní ọkàn láti fọwọ́ kan nǹkan. Mo ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje ẹgbẹ́ àgbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni o, kì í ṣe tèmi: tíì Su-kim. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni wọn yóò gbà á. Bí ìwé tuntun bá sì lọ pa ìwé rẹ̀ rẹ́, ọ̀nà tó ń gbà yan tíì ti bá a wọlẹ̀ nìyẹn, nítorí èmi kò mọ̀ ọ́n.

Wàá ní kí ló dé tí n kò mọ̀ ọ́n. Wàá ní ṣebí èmi ni wọ́n ń pè ní onímú lórí òkè yìí, tí mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà tí mo máa sọ fún wọn pé tíì lágbájá ti fẹ́ jóná. Rong, imú mi ti kú. Ibà tó dá mi wólẹ̀ lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn ló mú un lọ. Bí o bá gbé ata àti òdòdó síwájú mi, bákan náà ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, n kò sọ fún ìyá rẹ, nítorí nílé onítíì, ọkùnrin tí kò gbóòórùn, kí ló tún kù tó fẹ́ máa ṣe? Mo ṣì máa ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú àpótí, mo máa ń fa èémí, mo máa ń ní kí a fi iná kún un díẹ̀, tàbí kí a dín in kù. Ìyá rẹ á ní ó dáa, bàbá Rong. Èmi á wá rò pé mo ti mú un jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bẹ̀rù láti Ajé dé Ọjọ́rú, n kò lè tẹ bẹ́ẹ̀ ni, n kò lè tẹ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí mo bá gba tuntun, mo ti ta Su-kim nù. Bí mo bá kọ̀ ọ́, alábòójútó tó fara balẹ̀ fún oṣù mẹ́rìnlá yóò ní a kò kọ́ mi nílé, ó sì lè bínú mú gbogbo ẹ̀rọ náà lọ. Mo bọ́ sí ojúbọ lọ́dọ̀ Tiam-ting ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Tiam-ting ní kí ló ń dà mí láàmú. Ó ní nígbà tí ìjọba pààrọ̀ nọ́ńbà ojúlé wa, ṣebí èmi fúnra mi ni mo yọ ògbólógbòó lára ògiri tí mo fi lé wọn lọ́wọ́, tuntun ni a ń gbà bí oní-nǹkan bá gbé tuntun wá. Mo ní òótọ́ ni, àmọ́ mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà àtijọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òun sì ni oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ fi ń mọ ilé mi dòní. Ó ní orí kunkun mi ló ti jẹ́ kí irun mi tètè re. Nígbà tí a ti bú ara wa tó, a gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú Baba Onílẹ̀. Mo gbé súìtì ẹ̀pà sórí pẹpẹ, mo tan tùràrí, mo mú igi pupa méjì tó rí bí ìlàjì òṣùpá, mo kúnlẹ̀. O mọ̀ pé bí ọ̀kan bá dojú bolẹ̀ tí èkejì dojú sókè, bẹ́ẹ̀ ni ni Baba wí. Bí méjèèjì bá dojú bolẹ̀, ó kọ̀. Bí méjèèjì bá dojú sókè, ẹ̀rín ló ń rín.

Mo ní Baba, ṣé kí n gba ìwé tuntun ni, àbí kí n di ti Su-kim mú? Mo jù wọ́n sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Tiam-ting ní ọ̀rọ̀ méjì ni mo kó pọ̀, báwo ni Baba ṣe fẹ́ dáhùn? Mo ní ó dáa, ṣé kí n gba tuntun? Ó rẹ́rìn-ín. Ṣé kí n má gbà á ńkọ́? Ó tún rẹ́rìn-ín. Tiam-ting ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń gbá ilẹ̀ ibẹ̀, òun kò rí i kí Baba rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mẹta sí ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Inú bí mi. Mo sọ fún Baba Onílẹ̀ pé bó bá jẹ́ pé tíì tirẹ̀ ló wà nínú ewu, kò ní máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, àwọn ọmọ ajá mẹ́rin ti jẹ súìtì ẹ̀pà mi tán. Mo lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Thuy wá tọrọ atalẹ̀. Ó bá mi nínú yàrá ìyantíì, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó láti ọjọ́ Ajé, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Ó ní kí ló ṣe Bàbá? Mo ní kò sí nǹkan. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Obìnrin yìí ti lọ sí kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ wa fún ọdún méjì láti kọ́ ìwé wa, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀, àlàyé wẹ́wẹ́ tí èmi sá fún, ó kà á délẹ̀. Ó ní Bàbá, wọn ò ní kí ẹ dáhùn lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá tẹ D, wọn yóò fi ohun tó yàtọ̀ láàárín ìwé méjèèjì hàn yín. Ó ní nígbà tí òun dé ilé ọkọ, ìyá ọkọ òun ní kí òun da ìgò omi ẹja oníyọ̀ ìsebẹ̀ tí òun gbé láti ilé ìyá òun nù, pé tiwọn wà nílẹ̀. Òun ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Ìgò méjèèjì ló wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná wọn dòní.

Mo ní kó tẹ̀ ẹ́. Ìlà tí àmì ìyọkúrò wà níwájú rẹ̀ ni èyí tí yóò lọ, èyí tí àmì ìròpọ̀ wà níwájú rẹ̀ ni èyí tó ń bọ̀. Èyí tó ń bọ̀ kò ju bíi ìlà mẹ́jọ lọ, ó mọ́, ó tò lẹ́sẹẹsẹ, ó ní kí agogo dún bí ooru bá ti dé ogójì. Ogójì! Ní ogójì, tíì wa kò tíì mọ̀ pé wọ́n gbé òun sórí iná. Òótọ́ ni wọ́n sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Èyí tí yóò lọ sì gùn títí, Thuy ń fà á sókè, kò tán. Nọ́ńbà ooru wà níbẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ló pọ̀ jù, ìlà kọ̀ọ̀kan sì ní àmì # níwájú, tó rí bí a ṣe ń kọ kànga nínú ìwé wa. Mo rántí pé o ti sọ fún ìyá rẹ lójú mi pé ohun tí a bá kọ sẹ́yìn àmì kànga, ẹ̀rọ kì í kà á, èèyàn nìkan ló wà fún. Mo rò nígbà yẹn pé ta ló fẹ́ kọ nǹkan tí ẹ̀rọ ò ní kà?

Ooru ti bo awò mi, Thuy ló kà á fún mi. Ó kà pé kí ooru máa gòkè díẹ̀díẹ̀, nítorí tíì kì í ṣe ọ̀tá. Ó kà pé kí agogo ìkíní dún lẹ́ẹ̀mejì, nítorí bàbá Rong máa ń sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, á sì ní òun ò sùn. Thuy rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá ka èyí tó tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀:

“Bí ó bá ní kí a fi iná kún un, ẹ ní ó dáa, ẹ má fi kún un. Imú rẹ̀ ti kú láti ọdún tí ibà ṣe é. Kò mọ̀ pé mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa gbóòórùn rẹ̀ lọ. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní kí Rong so agogo.”

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo jókòó sórí àpò tíì, mo sunkún, n kò fi bò fún ọ, mo sunkún bí n kò ṣe sun ún lọ́jọ́ tí a sin ín, nítorí lọ́jọ́ yẹn àwọn èèyàn pọ̀. Ọdún mẹ́ta, Rong. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń tan obìnrin yìí jẹ, tí òun náà ń wò mí, tó ń ní ó dáa, bàbá Rong. Mo ti máa ń bínú sí agogo yẹn, mo máa ń ní kí ni onímú fẹ́ fi agogo ṣe. Thuy lọ bu omi gbígbóná wá fún mi. Ọmọlúwàbí ni.

Nígbà tí ojú mi gbẹ, ó tẹ bọ́tìnnì kan, ìbéèrè ọjọ́sí padà wá. Mo ní mo fẹ́ di ti Su-kim mú, ṣùgbọ́n kí ni a máa sọ fún alábòójútó? Ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lọ, ó ní Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, bí ẹ bá di tiyín mú, wọn ò ní da tuntun nù, wọn yóò fún un ní orúkọ mìíràn, wọn yóò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ lè máa wò ó nígbà tó bá wù yín. Ìgò méjèèjì lórí pẹpẹ, bíi tiwọn. Ó wá kà dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbójú sókè wò mí. Ó ní, “Bàbá, wọ́n kọ ọ́ síbí pé bí ẹ ò bá mú èyíkéyìí, tí ẹ kàn tẹ bọ́tìnnì ńlá yìí láìsọ nǹkan kan, tiyín náà ni wọ́n máa fi sílẹ̀ fún yín.”

Ṣé o gbọ́? Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti ń gbọ̀n, tí mo ń gbálẹ̀, tí mo ń da tíì fún oníbàtà, ẹni tó kọ ìbéèrè náà ti ro tèmi mọ́ ọn. Ó ti rò ó pé ẹni tí kò bá mọ ohun tí yóò sọ, ohun tí í ṣe tirẹ̀ kò gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ara mi wá fúyẹ́, àfi bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì ńlá náà fúnra mi. Èèrà tún sáré díẹ̀, wọ́n wọlé, ó parí. Nígbà tí mo sọ fún Tiam-ting, ó ní ṣé mo wá rí i báyìí ohun tí Baba Onílẹ̀ ń rín?

Mo yan tíì ní ọjọ́ Ẹtì. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, agogo dún lẹ́ẹ̀mejì, mo sì fò dìde. N kò sùn o, mo kàn di ojú ni. Tiam-ting ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó mu ife kan, ó mu èkejì, ó wo ìsàlẹ̀ ife, ó ní ṣé Su-kim wà nílé ni? Ó gbé ife kalẹ̀, ó sì lọ. Mo ti gbé e fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, wọn kò tíì fún wa lésì. Bí wọ́n bá fún un ní ipò kìíní tàbí wọn ò fún un, mo ti gba tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe fún mi nìyí. Bí o bá ń bọ̀ wá jẹ bọ́ọ̀lù ìrẹsì ọdún Dongzhi, mú ohun tí wọ́n ń fi da ìwé inú kọ̀ǹpútà kọ dání, kí o dà á kọ sí ọ̀nà mẹ́ta, ọ̀kan fún ọ, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Tiam-ting láti fi sábẹ́ pẹpẹ, bí àwọn ajá bá ti kúrò níbẹ̀. Bá mi fi ẹgbẹ̀rún méjì yuan ránṣẹ́ pẹ̀lú. Ìdajì rẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ tí n ó fi se ọbẹ̀ atalẹ̀ fún Thuy. Ìdajì yòókù fún owó ìfìwéránṣẹ́, nítorí mo ti di tíì tó wọn ìdajì jin kan sínú bébà pupa fún alábòójútó náà, o kàn máa wá àdírẹ́sì rẹ̀ fún mi ni. Má sọ fún mi pé kò sí àdírẹ́sì. Ẹni tó lè béèrè lọ́wọ́ èèyàn kó tó fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀, dandan ni kó nílé.

Ó ku ọ̀kan tí mo fẹ́ kí o gbọ́ lẹ́nu mi. Bébà pupa tí ìyá rẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, tó kọ bí a ṣe ń ṣí ìwé ìlànà náà sí, mo tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ, mo ṣí i, mo kọ ìlà kan sábẹ́ ọ̀rọ̀ imú yẹn. Mo fi àmì kànga síwájú rẹ̀, kí ẹ̀rọ má baà bá wa dá sí i. Mo kọ ọ́ pé, “Su-kim, mo ti gbọ́. N kò ní fi iná kún un.” Má pa á rẹ́. Bí kọ̀ǹpútà bá tún fẹ̀sùn kàn mí pé mo ti yí ìwé padà, n ó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni.

Rong ọmọ mi, wàá pẹ́ láyé. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n níbi tó yẹ kó le. Ẹni tí yóò mọ àbùkù rẹ tí yóò so agogo mọ́ ọn fún ọ láìjẹ́ kí ojú tì ọ́, Ọlọ́run yóò fi ṣe ọkọ rẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá sì gbé tuntun wá láti fi rọ́pò ohun tí í ṣe tìrẹ, yóò kọ́kọ́ bi ọ́ léèrè, bí o kò bá sì tíì mọ èsì, yóò dúró dè ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Èmi ni bàbá rẹ,
Bun-kiat